Ayé Tí Fọlákẹ́ Tọ́ Dàgbà

Ọdún tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi Fọlákẹ́ kán, gbogbo wa nínú ilé náà, àtàgbà àtọmọdé, la máa ń jí láàárọ̀ tí a ń béèrè bóyá òjò ti rọ̀ níbì kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dé. Ilé Bàbá, ìyẹn bàbá tó bí bàbá wa, ni à ń gbé ní Ìkọ̀lé nígbà yẹn, nítorí pé iṣẹ́ gbé àwọn òbí wa lọ sí Ìlọrin, wọ́n sì ní kí àwa méjèèjì dúró ti àwọn àgbà títí wọn yóò fi ríbi tó gbà wá. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ lára ni, páànù rẹ̀ ti pọ́n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan sì là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí mo bá di ojú mi báyìí, ohùn ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́: ìgbálẹ̀ Yèyé lórí ilẹ̀ ìta kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, àwọn ewúrẹ́ tí ń fi ìwo gbo ògiri, rédíò Bàbá tí ń hó bí epo gbígbóná kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ tó rí ohùn rẹ̀, àti nírọ̀lẹ́, odó. Odó ilé wa, odó ilé kejì, odó òdìkejì títì, wọn a máa dá ara wọn lóhùn títí iyán yóò fi kúnná. Yèyé, ìyàwó Bàbá, kì í pe ilé ní ilé. "Ulé" ni tirẹ̀. Iṣu lẹ́nu rẹ̀ ni "uṣu", ilẹ̀ ni "ulẹ̀", igi ni "ugi". Tí mo bá sì ń sọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé sí i, yóò wò mí bí ẹni ń wo àlejò, yóò bú sẹ́rìn-ín.

Fọlákẹ́ lẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ nílé ìwé wa. Ó gun igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé nígbà ọyẹ́, nígbà tí eruku ti bo gbogbo ewé, tí oòrùn sì rí bàìbàì bí àwo idẹ tí wọn ò fọ̀. Mo wà nísàlẹ̀, mo na etí aṣọ mi láti fi gba èso. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi láti òkè. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí Yèyé bá ń ṣẹ́ igi ìdáná lórí orúnkún. Mo rò pé ẹ̀ka igi ló kán. Ẹ̀ka kọ́. Takisí aládùúgbò wa kan ló gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdó, Yèyé jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ ó gbé orí rẹ̀ lé itan, èmi sì dúró lójú títì títí eruku ọkọ̀ náà fi rọlẹ̀. Ìgbà tó padà wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú símẹ́ńtì funfun tí wọ́n mọ láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé ìdí. Nígbà tí wọ́n tú ìyẹn náà, ẹsẹ̀ tó jáde níbẹ̀ tín-ínrín, ó ń dán, ó dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Mo tẹ̀lé wọn lọ sí Ìdó lọ́jọ́ tí wọ́n tú u. Dókítà obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló bá Bàbá sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá, eegun ti so pọ̀, ó sì so dáadáa. Ohun tó kù báyìí, ọwọ́ ọmọ yìí ló wà. Kó máa tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá tẹ̀ ẹ́, á máa gbẹ sí i ni." Fọlákẹ́ mi orí pé òun gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, tí Yèyé gbé e dìde, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó figbe ta tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ fi tú ká lójúde. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, bó sì ṣe rí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Wọ́n ra ọ̀pá tí a ń há sí abíyá fún un. Ara ògiri ni ọ̀pá náà fẹ̀yìn tì, alángbá ló ń gùn ún. Yèyé a máa fi aṣọ gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà láràárọ̀, a fi òrí pa á, a máa fọwọ́ ra á títí òógùn yóò fi bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀. Ìgbà tó yá ló sọ fún Bàbá nílé ìdáná, tí èmi ń ṣa ẹ̀wà nítòsí, pé, "Ẹsẹ̀ yìí ò dun ọmọ yìí mọ́. Mo mọ ẹsẹ̀ tó ń dun ènìyàn. Ẹ̀rù ló ń bà á." Òótọ́ ni. Fọlákẹ́ ti sọ fún mi ní kọ́lọ́fín pé gbogbo ìgbà tí òun bá tẹ ilẹ̀, òun tún ń gbọ́ ìró yẹn.

Yàrá ẹ̀yìn ni ó wà, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí pèpéle símẹ́ńtì tí Bàbá ń sá kòkó sí. Òórùn kòkó tó ń gbẹ, tó kan díẹ̀ tó dùn díẹ̀, ló kún ibẹ̀ lójoojúmọ́. Láti orí ibùsùn ó lè rí mi tí mo ń fi ẹsẹ̀ wọ́ kòkó náà kiri kó lè gbẹ bára dọ́gba, èmi náà sì lè rí orí rẹ̀ lójú fèrèsé, láìmira. Kò ka ìwé. Kò fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí òun. Iyán tí Yèyé bá gbé síwájú rẹ̀ a tutù, a di iyán àná, Yèyé a tún gbé e lọ.

Àǹtí Ene ló gbé ayé wọ yàrá náà. Ọmọ Ìdọmà láti Bẹ́núé ni, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn ní yunifásítì tó wà ní ìlú wa, ó sì gba yàrá iwájú lọ́dọ̀ Bàbá. Ó ga, ó máa ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, Yorùbá rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó kó lẹ́nu Yèyé, tó fi jẹ́ pé "ulé" àti "uṣu" ló ń bá àwọn ọmọ Èkó sọ nínú kíláàsì, tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì, páànù orí yàrá rẹ̀ ṣí, omi ń ro sórí ibùsùn rẹ̀. Ó kó ìwé àti kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sá wá sí yàrá ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà náà ti gbó, ìdè rẹ̀ kan ti já, rọ́bà ló fi so ó. Bí òjò kò ṣe jẹ́ kí a gbọ́ ara wa, ó jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn Fọlákẹ́, ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta géèmù kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi sínú rẹ̀ fún un.

Ohun kan ló yọ lójú kọ̀ǹpútà náà, ó rí róbótó, ó pupa, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn. Fọlákẹ́, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, gbé orí sókè.

Ó ní, "Kí nìyẹn?"

"Ayé ni."

"Ayé wo?"

"Ayé kan ṣáá. Kò tíì sí ẹnì kankan níbẹ̀. Kò tíì sí omi pàápàá." Àǹtí Ene yí kọ̀ǹpútà náà sí i. "Ṣé o fẹ́ fún un lómi?"

Mo ṣì rí ìka Fọlákẹ́ bó ṣe na jáde lábẹ́ aṣọ ìbora. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́, ìràwọ̀ yìnyín ńlá kan já bọ́ láti ojú ọ̀run géèmù náà, ó fọ́ sórí ilẹ̀ pupa náà, èéfín funfun dìde. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kí òjò ìta tó dá, òjò ti ń rọ̀ nínú ayé náà, omi ti ń gbára jọ sí àwọn kòtò rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń yí padà. Èmi náà ti gun ibùsùn láìmọ̀. Páànù ń dún lókè orí wa, òórùn ilẹ̀ tútù ń gba fèrèsé wọlé, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ òjò ti Ìkọ̀lé mọ́ àti èyí tó jẹ́ òjò ti ibẹ̀ yẹn.

Àtìgbà náà lọ, tí Àǹtí Ene bá ti kíláàsì dé, yàrá ẹ̀yìn ló ń yà sí. Iná ìjọba ti fi àdúgbò wa sílẹ̀ tipẹ́, ìwọ̀nba ìgbà tí bátìrì bá fi lágbára ni ayé náà fi ń yí. Bó bá kú, ojú kọ̀ǹpútà a di dúdú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a rí ojú ara wa níbẹ̀. Èmi ni wọ́n ń rán láti gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan lójú títì, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo àdúgbò fi ń ṣáájì fóònù. Gèlè àtijọ́ Yèyé ni mo fi ń wé e, mo ń gbé e mọ́ àyà, mo ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí omi òkun má baà dànù. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn nígbà yẹn pé ó lè dànù.

Ohun alààyè àkọ́kọ́ nínú òkun náà kò ju èérún lọ. Fọlákẹ́ kọ́ bí a ti ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, bí a ti ń mú un tutù, bí a ti ń gbé òkè dìde kí odò lè ṣàn. Èérún náà di nǹkan bí ìdin, ìdin di ẹja. Kì í ṣe pé ó ń yí wọn padà fúnra rẹ̀. Àǹtí Ene ṣàlàyé fún wa pé a kàn ń tọ́jú ibi tí wọ́n ń gbé ni, ìyókù di ọwọ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Fọlákẹ́ lára. Ó ní kí n má pariwo nínú yàrá nígbà tí àwọn ẹja kọ́kọ́ yọ. Ó sì béèrè oúnjẹ lọ́jọ́ yẹn. Yèyé ló gbé ọ̀jọ̀jọ̀ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọmọ tó ń fi ọwọ́ kan jẹun, tó ń fi ìkejì tọ́ka sí nǹkan. Ó kàn padà lọ din òmíràn sí i.

Bàbá ni kò fẹ́ ẹ. Òun ni wọ́n máa ń pè láti ka Bíbélì ní ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Ó gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mò ń pariwo pé, "Fọlákẹ́ ti dá ẹyẹ!" Ó wọlé, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ta ló dá kí ni?"

Àǹtí Ene dìde, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Eré ni. A ò dá nǹkan kan."

"Nínú ulé mi," Bàbá ní, ó sì ṣọ̀wọ́n kí Èkìtì rẹ̀ tó jáde báyẹn, àfi tí inú bá ń bí i, "ẹnì kan ṣoṣo la mọ̀ tó dá ayé. Ẹ pa á."

Àǹtí Ene pa á. Ó ti kọ̀ǹpútà náà, ó gbé e lọ sí yàrá iwájú. Fọlákẹ́ kò sunkún, kò jà. Ó kàn yí ojú sí ògiri, oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà sì tutù sórí àpótí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mi ò mọ ohun tí Yèyé sọ fún ọkọ rẹ̀ nínú yàrá wọn. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́, kò ròkè, kò sì dákẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ kan ilẹ̀kùn Àǹtí Ene. Ó ní kó gbé nǹkan ọmọ náà padà fún un, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, "dá". A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Fọlákẹ́ ń tọ́ ayé.

Ohun tó mú Bàbá náà jókòó ti ayé náà ni yìnyín. Fọlákẹ́ ti mú afẹ́fẹ́ tutù jù nítorí pé aṣálẹ̀ kan ń gbilẹ̀, kí a tó mọ̀, funfun ti bẹ̀rẹ̀ láti òkè àti ìsàlẹ̀, ó pàdé láàárín. Igbó kú. Àwọn ẹranko onírun tí a fẹ́ràn kú. Fọlákẹ́ bú sẹ́kún tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá fi sáré wọlé, ó rò pé ẹsẹ̀ ni.

"Wọ́n ti kú," Fọlákẹ́ ní. "Gbogbo wọn, Bàbá. Èmi ni mo pa wọ́n."

Bàbá wò ó, ó wo kọ̀ǹpútà náà. Mo rò pé yóò bínú. Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Gbogbo wọn? Títí kan àwọn ti inú omi?"

A ò tíì wo inú omi. Àǹtí Ene wò ó. Lábẹ́ yìnyín náà, nínú òkun tó dúdú, àwọn ẹja kan ṣì ń rìn gbéregbère. Bàbá tẹ ara síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà. "Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí Olúwa ń ṣe tirẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti eléyìí." Láti ọjọ́ náà, tó bá ti oko dé, kó tó bọ́ bàtà, yóò ké láti ìta pé, "Àwọn ẹja yẹn ńkọ́?" Bí mo ti ń dàgbà ni mo tó mọ̀ pé Bàbá kò dé etí òkun rí láyé rẹ̀, àti pé inú yàrá ẹ̀yìn náà ló ti rí òkun tó pọ̀ jù lọ tí yóò rí.

Ọdún náà ń lọ bí àlá. Tí mo bá fẹ́ rántí rẹ̀ létòlétò, ó máa ń dà pọ̀ mọ́ ara rẹ̀: òórùn kòkó, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ omi lójú Fọlákẹ́, Yèyé tí ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi ìbéèrè da wá láàmú. Yìnyín yọ́. Àwọn nǹkan kan tí wọ́n jọ ọ̀pọ̀lọ́ jáde láti inú ẹrẹ̀, wọ́n kọ́ bí a ti ń nàró, wọ́n sì gbọ́n ju àwọn ẹranko ìyókù lọ. Fọlákẹ́ sọ wọ́n ní Ọmọ Ẹrẹ̀. Ọmọ Ẹrẹ̀ dá iná. Ọmọ Ẹrẹ̀ kọ́lé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bára wọn jà, tí ìlú wọn kan ń jó, Yèyé pa ọwọ́ pọ̀, ó ní, "Àwọn yìí náà? Kí ni wọ́n ń jà sí, tí gbogbo ulẹ̀ yìí jẹ́ tiwọn?" Fọlákẹ́ rọ̀jò sí ìlú náà títí iná fi kú. Ó máa ń bá wọn wí bí ìyá: ó ní èéfín yín ti pọ̀ jù, ó ní ẹ̀yin ará etí omi, ẹ kó kúrò níbẹ̀ nítorí omi ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora, ó ń gbẹ. Àwọn òbí wa wá láti Ìlọrin, ìyá wa sì fi ọwọ́ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì wò, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún. Bàbá tó bí wa ní kọ̀ǹpútà ló ń da ọmọ náà dùbúlẹ̀, pé ta ni yóò dìde tó bá ní odidi ayé lórí ibùsùn. Mo ti rò ó títí, mi ò sì lè sọ títí dòní pé ó parọ́. Àǹtí Ene náà gbọ́, ó dùn ún. Lọ́jọ́ kejì ó gbé kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì lódìkejì yàrá, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá mú un. Fọlákẹ́ wo tábìlì náà. Ó wo ilẹ̀ tó wà láàárín. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó ní, "Rónkẹ́, lọ jókòó síbẹ̀. Ohun tí mo bá sọ ni kí o máa tẹ̀." Bí mo ṣe di ìka rẹ̀ nìyẹn. Àǹtí Ene gbìyànjú láti bínú, ẹ̀rín ló pa á, ó sì gbé kọ̀ǹpútà náà padà fún un.

Ìgbà tí òjò fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ni Ọmọ Ẹrẹ̀ lọ. A ń wo wọ́n lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ìmọ́lẹ̀ kékeré kan gbéra láti ìlú kan, ó gòkè, ó wọ inú òkùnkùn tó yí ayé náà ká. Òmíràn tẹ̀lé e. Láti gbogbo ìlú ni ìmọ́lẹ̀ ti ń gbéra bí ìgbà tí ikán abìyẹ́ bá tú jáde lẹ́yìn òjò, títí ìlú kan kò fi ní iná mọ́. Ayé náà ṣì ń yí. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwọn ilé náà.

Fọlákẹ́ dì mí lọ́wọ́ mú. "Àǹtí, kí ló pa wọ́n?"

"Kò sí ohun tó pa wọ́n." Àǹtí Ene ti fi ọwọ́ bo ẹnu. "Wọ́n ti lọ ni. Wọ́n ti dàgbà débi tí wọ́n fi lè wá ibòmíràn lọ. Mo ti ń ta á tipẹ́, mi ò rí i rí kí ẹnikẹ́ni tọ́ wọn débí. Fọlákẹ́, o tọ́ wọn yanjú."

"Wọn ò dágbére fún mi."

"Wọn ò mọ̀ pé o wà níbí."

Fọlákẹ́ ń wo ayé tó ṣófo náà, tí ẹyẹ ń fò níbẹ̀. Àǹtí Ene wá pa kọ̀ǹpútà dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó sì sọ ohun tó ti ń gbé kiri láyà: ó ti ṣe ìdánwò àṣekágbá, àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń retí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun ń lọ. Ó ti fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́, kò mọ bí yóò ti sọ ọ́. Fọlákẹ́ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Ó yí ojú sí ògiri, kò sì bá Àǹtí Ene sọ̀rọ̀ mọ́ láàárín ìgbà tó kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ó ń wá jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn náà, láìgbé kọ̀ǹpútà dání.

Òwúrọ̀ tó fẹ́ lọ, ìrì pọ̀, ọ̀run funfun bí ẹ̀kọ. Takisí tí yóò gbé e lọ sí gáréèjì ti dúró lójú títì, Bàbá ti bá a di ẹrù rẹ̀ sí bùútù, Yèyé ti wé iyán àti ẹran ìgbẹ́ fún un sínú ewé, bí ẹni pé kò sí oúnjẹ ní Bẹ́núé. Ó wọlé wá sí yàrá ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu ko Fọlákẹ́ lẹ́yìn orí nítorí ibẹ̀ nìkan ni Fọlákẹ́ fún un. Ó ní, "Ó dàbọ̀, ọmọdé." Ó gbá mi mọ́ra, ó jáde. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ ọ tó ń kí Yèyé, mo gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ìgbà náà ni Fọlákẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ó tún pè é, ó sì ké, ṣùgbọ́n awakọ̀ ti ṣáná sí ọkọ̀. Mo sáré jáde láti lọ dá wọn dúró, mo ń ju ọwọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń pariwo. Nígbà tí mo dé ìta, tí awakọ̀ ti rí mi, mo rí i pé kì í ṣe èmi ni Bàbá àti Yèyé ń wò. Mo yíjú padà. Fọlákẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò mú ọ̀pá. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ínrín yẹn ń gbọ̀n bí ewé. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn.

Bàbá ya ẹnu láti fi ìyìn fún Ọlọ́run. Yèyé fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu kíá. "Dákẹ́," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Má jẹ́ kó rántí."

Ògiri tán. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀. Ó gba àárín àgbàlá kọjá, ó ń tiro, ó ń fi eyín há ètè, àwọn ewúrẹ́ yà fún un. Ó dé ibi takisí náà, ó di fèrèsé rẹ̀ mú. Àǹtí Ene kò sọ̀kalẹ̀; ó yí gíláàsì náà wálẹ̀. Omijé kún ojú rẹ̀.

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan ni," Fọlákẹ́ ní, èémí rẹ̀ ń já. "Báwo ni Ọmọ Ẹrẹ̀ ṣe máa mọ̀nà?"

Àǹtí Ene ronú sí i bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ìdánwò. "Wọn ò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Wọ́n kàn lọ ni."

Fọlákẹ́ mi orí pé òun gbọ́. Ó na ọwọ́ wọ inú ọkọ̀, ó di ọrùn Àǹtí Ene mú, wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí awakọ̀ fi wúkọ́. Ọkọ̀ náà lọ, ó yà ní ìsàlẹ̀ títì, kò sí mọ́.

Mo ti bi Fọlákẹ́ léèrè lẹ́yìn tí àwa méjèèjì ti di ìyá ọmọ, pé ṣé ó gbọ́ ìró yẹn lọ́jọ́ náà, ìró igi ìdáná yẹn, nígbà tó tẹ ilẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ọ, gbogbo ìṣísẹ̀ ni òun fi gbọ́ ọ, pé ó ṣì ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyẹn, ó ń to aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń tiro díẹ̀ bó ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Ìdó. Èmi ni mo ní láti jókòó. Bàbá ti sùn nínú Olúwa, Yèyé náà ti lọ bá a, àwọn ẹlòmíràn ló sì ń gbé yàrá ẹ̀yìn náà báyìí.

Ṣùgbọ́n lójú títì lọ́jọ́ náà, a ṣì pé. Eruku ọkọ̀ ń rọlẹ̀. Fọlákẹ́ bojú wẹ̀yìn, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí ilé ti jìnnà tó, àgbàlá gbalasa, kò sí ògiri, kò sí ohun tí ènìyàn lè dì mú. Ojú rẹ̀ yí padà. Bàbá ti ń sún mọ́ ọn láti gbé e, Yèyé sì fà á láṣọ padà.

"Yèyé," Fọlákẹ́ ní, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọ ọwọ́, "báwo ni mo ṣe máa padà sí ulé?"

Yèyé ti yíjú sí ilé ìdáná, ó ń tún ìró rẹ̀ ró.

"Bí o ṣe wá náà ni, ọkọ mi," ó ní. "Iyán wà nílẹ̀."